Ohun Tí Ó Ń Gbé Búrẹ́dì Ró

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí Iyere, nítòsí Ọ̀wọ̀, láti wá bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì, ni búrẹ́dì tí ó fi ọ̀rá wé sínú àpótí rẹ̀ tán pátá, tí ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sì jókòó ti tábìlì, tí ó ń wo àwọn ọmọ ilé bí wọ́n ti ń ki búrẹ́dì gbígbóná bọ inú tíì, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan, ṣùgbọ́n tí òun kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, tí í ṣe ìyá-ìyá ọmọ náà, kò lè pa á mọ́ra. Ó ní irú àìsàn wo ni èyí tí ó sọ búrẹ́dì di èèwọ̀ fún ọmọdé? Aládùúgbò wa kan tí ó wọlé wá kí wa fi ọkàn rere dá a lóhùn pé, bí ó bá jẹ́ àlìkámà ni ọmọ náà kò gbọdọ̀ jẹ, kí a rán ènìyàn lọ sí Ọ̀wọ̀ kí ó lọ ra búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ wá, nítorí òun mọ ilé búrẹ́dì tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Bàbá kékeré," ni ó wí, "ẹ̀yin ni ẹ ń kọ̀wé nípa oúnjẹ. Ṣé mo lè fún un jẹ?"

Mo ní kò gbọdọ̀ fún un jẹ. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin nínú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi, ni mo fẹ́ fi orí yìí rò fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ wa ti ń bímọ sí ìdálẹ̀ tí wọ́n sì ń mú wọn bọ̀ wá sílé.

Sílíákì ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn náà. Kì í ṣe kòkòrò ni ó ń fà á, kì í sì í ràn. Nínú àlìkámà, àti nínú ọkà báálì àti ọkà ráì tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀, ọ̀wọ́ purotéènì kan wà tí à ń pè ní gúlútẹ̀nì. Nígbà tí ẹni tí ó ní àìsàn yìí bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀, tí Ẹlẹ́dàá fi ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àrùn, a ṣi ọ̀tá mọ̀, wọn a sì dojú ìjà kọ ara onílé fúnra rẹ̀. Ibi tí ìjà náà ti ń le jù ni ìfun kékeré. Ojú ìfun yìí kì í ṣe ohun dídán. Ó rí bíi ti aṣọ ìnura, ó ní ẹgbàágbèje ṣóńṣó wẹ́wẹ́ tí ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ṣóńṣó yìí ni ìjà náà sì máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí màlúù bá sùn sórí koríko. Ọmọ a máa jẹun yó, ara rẹ̀ kò ní í gba nǹkan kan níbẹ̀. Ikùn a wú, ìgbẹ́ a máa ṣàn, ẹ̀jẹ̀ a gbẹ, egungun a rọ, ọjọ́ orí a máa lọ níwájú kí gíga má lè bá a. Nínú àwọn àgbàlagbà ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, inú lè má run wọn rárá, kí ó jẹ́ àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa gbé kiri. Àjogúnbá wà nínú rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe máa ń bá ìdílé rìn.

Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé búrẹ́dì ni ó wà nídìí ọ̀ràn yìí títí di ayé àwọn bàbá wa. Dókítà Samuel Gee ti ṣàpèjúwe àìsàn náà dáadáa ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1888, ó tilẹ̀ sọ pé bí aláìsàn yóò bá sàn, nípa oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ó yẹ kí a mú kúrò. Ará Họ́láńdì kan, Willem Dicke, oníṣègùn àwọn ọmọdé, ni ó ti ń fura sí àlìkámà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun náà wá le, ní ìgbà òtútù 1944 sí 1945, ìyàn mú ní Họ́láńdì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń jẹ gbòǹgbò òdòdó. Gbogbo ọmọdé ni ó ń rù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onísílíákì, nítorí pé búrẹ́dì kò sí, ni ara wọ́n ń balẹ̀. Nígbà tí ìrànlọ́wọ́ dé, tí búrẹ́dì tún wọ̀lú, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí nìkan ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí dà láàmú. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: nínú ìbànújẹ́ ńlá yẹn ni Dicke ti rí ohun tí ojú àwọn aṣíwájú rẹ̀ kò tó, ó sì fi gbogbo rẹ̀ kọ ìwé oyè rẹ̀ ní 1950. Láti ìgbà náà títí di òní, kò tíì sí oògùn tí ó dára ju kí a yẹra fún gúlútẹ̀nì lọ.

Ní Yúróòpù, nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àìsàn yìí. Ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni, nítorí ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ Sahrawi, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, ó tó 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó ga ju ti gbogbo ibi tí a ti wò ó nígbà náà lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, oúnjẹ tí a bí wa bá kò ní àlìkámà nínú, ìwọ̀nba ènìyàn ni a sì ń yẹ̀ wò. Nítorí náà mo ń bẹ ẹnikẹ́ni tí inú bá ń run pé kí ó má ṣe fi etí gbọ́ orúkọ àìsàn tuntun kí ó sì sáré pa búrẹ́dì tì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Aràn, ọgbẹ́ inú àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun pọ̀ ní ìgbèríko wa ju sílíákì lọ. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì máa jẹ àlìkámà títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán, nítorí bí ó bá ti dá a dúró ṣáájú, àmì tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ lè ti pòórá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún, kò sí pé yóò jẹ díẹ̀ kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀. Pátápátá ni fọ́jú, kúńbọ́-kúńbọ́ ni dẹ́tẹ̀. Codex Alimentarius, ìwé òfin oúnjẹ tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé, fi àlà sí i pé oúnjẹ tí a bá pè ní aláìní gúlútẹ̀nì kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 rẹ̀ lọ nínú kìlógíráàmù kan, èyíinì ni ìdá kan nínú 50,000. Èérún búrẹ́dì tí ó bá já bọ́ láti ara ọ̀bẹ sínú bọ́tà tó láti fọ́ àlà náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Mo pe ọmọ náà wá sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí ó jókòó sí ibi tí atẹ́gùn kò ti lè gbé ìyẹ̀fun sí i lára, mo sì ní kí àwọn ìbátan rẹ̀ bu ìyẹ̀fun àlìkámà ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí wọ́n fi omi díẹ̀ pò ó títí yóò fi di ìṣù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà wọ́n ki ìṣù náà bọ inú abọ́ omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ. Omi funfun bí ògì. Wọ́n dà á nù, wọ́n bu òmíràn. Ó tún funfun. Ní ìgbà keje tàbí kẹjọ omi kò funfun mọ́, ohun tí ó kù lọ́wọ́ wọn kò sì tó ìlàrin ohun tí wọ́n kó wọ inú omi: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó rọ̀, bí wọ́n bá fà á, a gùn, bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀, a súnkì padà, bíi gọ́ọ̀mù tí ọmọdé jẹ tí adùn rẹ̀ ti tán. Gúlútẹ̀nì nìyẹn. Ohun tí wọ́n ṣe ní Iyere yìí gan-an ni Beccari, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Bologna ní Ítálì, ṣe ní 1728, tí ó fi di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ya ohun tí ń fà nínú àlìkámà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò fà. Mo wá ní kí wọ́n ṣe bákan náà pẹ̀lú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Omi gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ku nǹkan kan àfi ẹrẹ̀ funfun tí ó silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́, èyí tí í ṣe sítáàṣì kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń mú aṣọ àlọ̀ le.

Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí kò tún ní í béèrè ìdí tí ìyẹ̀fun kan fi ń di búrẹ́dì tí èkejì kò fi lè dì í. Ìwúkàrà, tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń pè ní yíìsì, jẹ́ ohun alààyè. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń mí èémí jáde. Nínú ìyẹ̀fun àlìkámà, gúlútẹ̀nì ti hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há. Èémí náà kò rí ọ̀nà jáde, ó ń tì í, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi wú bíi bàlúùnù tí ó kún inú bàlúùnù. Iná ààrò a wá gbá a mú bẹ́ẹ̀, a sì gan. Nínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, tàbí ti àgbàdo, tàbí ti ìrẹsì, ìwúkàrà ń mí bákan náà, ṣùgbọ́n agbọ̀n ni a fi ń gbọn omi. Gbogbo ìṣòro búrẹ́dì aláìní gúlútẹ̀nì kò ju ọ̀kan ṣoṣo yìí lọ: kí ni yóò di èémí náà mú títí iná yóò fi ràn wá lọ́wọ́?

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò wa dá sílẹ̀. Àlìkámà jẹ́ àlejò tí ó wọlé, tí ó jókòó sí àga onílé. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti bá rélùwéè ṣiṣẹ́, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní 1921, òun ni ó sì sọ búrẹ́dì di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà lójoojúmọ́. Ó máa ń ṣe mí ní háà, bí mo bá rántí rẹ̀, pé erékùṣù tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bammy ni ọkùnrin náà ti wá, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé búrẹ́dì àlìkámà ni ó kọ́ wa. Láti ìgbà náà ni owó wa ti ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ tí àlìkámà ti ń hù. Ní 1987 ìjọba Ọ̀gágun Babangida ka àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè léèwọ̀; ní 1992 wọ́n ká èèwọ̀ náà kúrò. Ní 2005 Ààrẹ Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́lọ̀ máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lú ti àlìkámà; nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011, ó sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ó lè gòkè dé ogún. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oshòdì láti 1956 ti ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí àpòpọ̀ yìí, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ aṣebúrẹ́dì bí a ti í ṣe é. Mo fẹ́ràn ètò náà tọkàntọkàn, nítorí àgbẹ̀ wa ni yóò jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: búrẹ́dì tí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rin tí ó kù kí ni? Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà ní ilé búrẹ́dì, àlìkámà ni ó gbé e ró. Fún ọmọ onísílíákì, kò yàtọ̀ sí èyí tí oníkiri gbé kọjá lójú ilé.

Orúkọ lè tan ènìyàn jẹ ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú sẹ̀mó tí a ń rò pé àgbàdo ni, àlìkámà ni. Ìyẹ̀fun tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń rò bí àmàlà, àlìkámà ni. Èyí ni ó sì mú mi dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù, èyíinì ni ẹ̀rọ ìlọta: obìnrin kan a gbé àlìkámà rẹ̀ wá lọ̀, bí tirẹ̀ bá ti tán, wọn a da èlùbọ́ tàbí ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn sínú ẹnu ẹ̀rọ kan náà láìfọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ó mọ́ nígbà tí ó kúrò nílé a sì fi àbàwọ́n padà wálé. Ilé tí ó bá ní irú ọmọ yìí, kí ó gún tirẹ̀ nínú odó, tàbí kí ó ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré tí kò ní í jáde kúrò nínú ilé.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ gúlútẹ̀nì, síbẹ̀ wọn kò ṣaláìní búrẹ́dì, bí a bá gbà pé búrẹ́dì ni oúnjẹ tí a fi ọkà tàbí ẹ̀wà ṣe, tí ó ṣeé gbé lọ́wọ́, tí a sì lè fi jẹ nǹkan mìíràn. Ẹ̀kọ ń bẹ, tí a fi ewé pọ́n. Àkàrà ń bẹ, tí ó jẹ́ pé lílù ni ẹni tí ń ṣe é ń lu ẹ̀wà lílọ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi kún inú rẹ̀, tí purotéènì ẹ̀wà a sì di afẹ́fẹ́ náà mú nínú epo gbígbóná. Àwọn Hausa ní màsà, tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, tí ìwúkàrà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá sí Kútọnu tàbí Lómè, ẹ ó bá àwọn obìnrin tí ń ta àbúlò, tí wọ́n ń kọ ní ablo: ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí ti àgbàdo tí wọ́n fi ìwúkàrà àti ṣúgà sí, tí wọ́n sì fi ooru omi sè títí yóò fi wú, tí yóò rọ̀ bí òwú. Kí ẹ tó fún ọmọ yín jẹ, ẹ bi oníṣòwò náà léèrè, nítorí àwọn kan a máa bu àlìkámà díẹ̀ sí i kí ó lè wú dáadáa. Àṣírí tí mo wá rí mú lára àbúlò ni pé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í po gbogbo ìyẹ̀fun náà ní tútù; wọn a kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ro ẹ̀kọ lórí iná, wọn a sì fi ẹ̀kọ náà po ìyókù.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀gẹ́, ará Bùràsílì tí ó wá di ọmọ onílẹ̀, kò wọ́n wa láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ̀n. Nàìjíríà ni ó ń gbìn ín jù ní gbogbo àgbáyé. Púpọ̀ nínú àwọn irú rẹ̀ tí ń ta dáadáa lónìí ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wá, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ ní 1967, níbi tí Dókítà Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti bí ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í tètè mú, tí àwọn ará Ìkirè fi dá a lọ́lá pẹ̀lú oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ní ibùdó yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti dán búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tí kò ní àlìkámà rárá wò, tí wọ́n fi sóyà, ẹyin àti bọ́tà ràn án lọ́wọ́.

Láfún kọ́ ni kí ẹ lò. Láfún ti rẹ sínú omi, ó ti kan, òórùn rẹ̀ yóò sì bo búrẹ́dì mọ́lẹ̀. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí kò kan ni a ń wá, kíá sì ni wọ́n ń ṣe é: ẹ̀gẹ́ tí a wà láàárọ̀ ni a óò bó, tí a óò fọ̀, tí a óò rin, tí a óò fún omi rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, tí a óò tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọ̀rá dúdú nínú oòrùn gangan, kí ó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú tàbí lọ́jọ́ kejì, kí a tó gún un kí a sì kù ú. Rírin àti fífún yìí kì í ṣe àṣejù. Oró kan tí ó jẹ́ ìbátan sáyánáìdì ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá nínú èyí tí ó korò. Bí a bá rin ín, ohun kan nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ a tú oró náà, omi a gbé díẹ̀ lọ, oòrùn a sì gba ìyókù. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀gẹ́ ní gbígbòòrò tí ó kàn sá a, oró rẹ̀ kò tíì jáde tán.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dáná, mo kàn fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rọ́pò àlìkámà, mo pò ó bí àwọn aṣebúrẹ́dì ti ń po tiwọn. Ó wú fún ogún ìṣẹ́jú, inú ọmọ náà dùn, lẹ́yìn náà ó ṣubú lójú gbogbo wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí àpáàdì, inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bíi fùfú tí kò jinná. Lọ́jọ́ kejì a fi ẹyin àti sóyà sí i, ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí a ti gé e ni ó fọ́ wẹ́wẹ́. Mo wá rántí àbúlò, mo sì ń ro ẹ̀kọ díẹ̀ lórí iná ní ọjọ́ kẹta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti dákẹ́ láti àná, dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. "Ohun tí kò fà," ni ó wí, "báwo ni yóò ṣe so pọ̀? Ṣé àpọ̀n ti tán ní Iyere ni?" Ó wọ yàrá lọ, ó mú àpọ̀n gbígbẹ jáde, ó sì gún un fúnra rẹ̀ nínú odó tí ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀. Ó ya mí lẹ́nu pé èmi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ fífà yìí dá àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìnkùlé kò rò ó kan ọbẹ̀ tí mo ń jẹ láti kékeré. Ohun tí ó mú àpọ̀n fà nínú ọbẹ̀ jẹ́ irú ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń wá nígbà tí wọ́n bá bu ìyẹ̀fun xanthan sínú búrẹ́dì aláìní gúlútẹ̀nì wọn: ó ń sọ omi di ohun tí ó nípọn, tí ó ń na ara, tí èémí ìwúkàrà kò fi lè tètè já.

Bí a ti ṣe é nìyí. A wọn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ gíráàmù 350. A mú gíráàmù 50 nínú rẹ̀, a fi omi mílílítà 250 pò ó, a gbé e kaná, a sì ń rò ó títí ó fi di ẹ̀kọ tí ó ń dán, lẹ́yìn náà a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. A fi síbí tíì méjì ìwúkàrà àti síbí ọbẹ̀ méjì ṣúgà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ mílílítà 100, a dúró títí ó fi hó. A lu ẹyin mẹ́ta dáadáa. A wá da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tí ó kù, pẹ̀lú gíráàmù 60 ìyẹ̀fun sóyà tí a yan, gíráàmù 40 bọ́tà tí a yọ́, síbí tíì kan iyọ̀ àti síbí tíì kan àpọ̀n, a sì lù ú pẹ̀lú síbí igi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gbọdọ̀ dì bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí à ń fi ọwọ́ pò. Kí ó rí bí ẹ̀wà àkàrà tí ó ki. A dà á sínú agolo tí a fi bọ́tà pa, kò kún ju ìdajì lọ, a bò ó, a gbé e sí ẹ̀bá ààrò fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sì gòkè dé ìwọ̀n ìka méjì sí ẹnu agolo.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ààrò òyìnbó. Ìkòkò irin ńlá ni a da iyanrìn gbígbẹ sí ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, a gbé e kaná títí iyanrìn náà fi gbóná, a gbé agolo lé e, a dé e, a sì kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Nígbà tí ó tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, òórùn rẹ̀ dé ìta. Nígbà tí ó pé wákàtí kan, a ki igi ìfọyín bọ̀ ọ́, igi náà jáde ní gbígbẹ, a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tí sùúrù ti nira jù nìyí, nítorí a kò gbọdọ̀ gé e ní gbígbóná. Sítáàṣì tí iná ti sè yóò máa rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, bí ó bá tutù ni yóò tó dì. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú gé e yóò rò pé kò jinná. Ìdí kan náà ni ó fi máa ń le lọ́jọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tí ó sùn mọ́jú ti í le, ohun tí a sì ń ṣe fún ẹ̀kọ náà ni kí a ṣe fún un: kí a tún fi iná kàn án. Ẹni tí ó bá ní fíríjì tí ń mú nǹkan dì, kí ó gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ní ọjọ́ tí ó ṣe é, kí ó dì í síbẹ̀, kí ó sì máa yọ èyí tí yóò jẹ yan lójoojúmọ́. Kí ó má sì jẹ ẹ́ lásán. Yàtọ̀ sí ẹyin àti sóyà tí a fi sí i, ẹ̀gẹ́ kò ní nǹkan púpọ̀ fún ọmọ tí ń dàgbà, nítorí náà ẹ̀wà tàbí ẹja ni ó yẹ kí ó bá a rìn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ni a gé e. Ojú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, kò fọ́, òórùn àpọ̀n sì wà níbẹ̀ fírífírí, tí ẹni tí kò mọ̀ kò ní í mọ ohun tí ó jẹ́. Ọmọ náà ki tirẹ̀ bọ inú tíì bí àwọn ìbátan rẹ̀ ti ń ṣe, ó sì gbé e sókè kí ó lè wò ó bóyá yóò já bọ́, kò já. Ìyá rẹ̀ ti mú kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ń parí lọ kúrò lára ògiri, ó ń kọ ìwọ̀n ohun gbogbo sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń bi mí léèrè bóyá wọ́n ń ta àpọ̀n ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ tán láìsọ ohunkóhun, ó sì ní kí wọ́n gé òmíràn fún òun.